Iná Tí Àwọn Ìràwọ̀ Jẹ Àwẹ̀ró

Nígbà láéláé, ìràwọ̀ kì í já. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jókòó sí lálẹ́ ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a. Ojú ọ̀run kò sì jìnnà bó ṣe jìnnà lónìí. Igi àràbà kan wà láàárín igbó. Ẹni tó bá gùn ún dé ṣóńṣó ti dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá àwọn ìràwọ̀ nìyẹn.

Inú ihò igi àràbà yìí ni Ọ̀fàfà ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Ọ̀fàfà kò tóbi ju ehoro lọ. Kò ní ìwo, kò ní èékánná gígùn, kò ní ìrù tí yóò fi lé eṣinṣin. Ohùn nìkan ló ní. Bó bá ké nídìí igi, wọ́n á gbọ́ ọ létí odò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀fàfà fohùn ṣakin!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń wí. Aládùúgbò wọn ni, orí igi kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. "Ohùn rẹ tó ti ẹfọ̀n, ara rẹ kò tó ìkòkò ọbẹ̀!"

Àwẹ̀ró á rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ o. Ohùn yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi fẹ́ ẹ."

Gbogbo ẹranko ló ń dáná nígbà náà. Àṣà kan sì wà lórí iná, àgbà mọ̀ ọ́n, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Bí iná ẹnìkan bá kú, yóò mú àpáàdì, yóò lọ fọnná ní ààrò ẹlòmíràn. Ọwọ́ lásán kì í gbé iná. Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Wọn yóò bu ẹ̀yín iná sí i fún un. Kò ní san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí iná ẹni tó fún un bá kú lọ́jọ́ mìíràn, òun náà kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi iná du ẹlòmíràn, kò tún sí ohun tí kò lè ṣe.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó pa iná àwọn ìràwọ̀. Ojú ọ̀run ṣú bíi inú ìkòkò. Àgùàlà, olórí wọn, sọ̀kalẹ̀ wá sórí àràbà. Omi ń kán lára rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Kò tilẹ̀ rántí mú àpáàdì.

"Ẹ gbà wá o, ẹ̀yin ará igbó," ló ń wí. "Iná wa ti kú. Bó jẹ́ ẹ̀yín iná kan ṣoṣo, ẹ ṣàánú wa."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ orí. "Nínú òjò yìí? Ẹ padà wá nígbà tó bá dá." Ó fa orí wọlé.

Àwọn yòókù kò tilẹ̀ yọ orí.

Àwẹ̀ró dìde. Ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fún un ti fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mú àpáàdì tó tóbi jù nínú rẹ̀, èyí tó ní ilà mẹ́ta létí. Ó bu ẹ̀yín iná kún un, ó wọ́n eérú lé e, ó fi ewé gbòdògì bò ó.

"Jẹ́ kí n gbé e," ni Ọ̀fàfà wí.

"Dúró ti ààrò. Bí tiwa náà bá kú, ta ni a ó lọ bá?"

Ẹni tó bá fẹ́ gun igi nínú òjò, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni yóò fi dì í mú. Nítorí náà, Àwẹ̀ró pọn àpáàdì náà sẹ́yìn, bí a ṣe ń pọn ọmọ. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó o kó tó dé ẹ̀ka kẹta. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gun igi náà títí ó fi dé òkè, ó gbé iná sílẹ̀ níwájú àwọn ìràwọ̀, wọ́n fẹ́ ẹ, ó gbiná. Ọ̀run mọ́lẹ̀.

Àgùàlà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun, ìyá. Bí iná tiyín bá kú láyé, ẹ má wulẹ̀ gun igi. Ẹ ṣáà ké sí wa. Àwa la ó gbé e wá bá yín."

Àpáàdì wà lábẹ́ iná nígbà náà, kò ṣeé mú. Àgùàlà ní òun yóò dá a padà lọ́la. Ọ̀la yẹn kò dé.

Egbò ẹ̀yìn Àwẹ̀ró san, ṣùgbọ́n irun tó hù níbẹ̀ funfun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Àrìnpé. Ibi tí iná ti jó ìyá gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni irun funfun ti hù lẹ́yìn ọmọ. Òjò ọjọ́ náà sì wọ Àwẹ̀ró lára. Ikọ́ tó mú un lálẹ́ ọjọ́ náà kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọdún ń yí lu ọdún. Àwọn ará ayé ń wo òkè, wọ́n ń yin àwọn ìràwọ̀. Ìyìn wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àbímọ́ ni ìmọ́lẹ̀ àwọn, pé àwọn kò fọnná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọyẹ́ ọdún kan wá mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ewé gbẹ, koríko gbẹ, ètè gbogbo ẹranko là. Erin, tó jẹ́ ọba igbó, kéde pé kí oníkálùkù pa iná ilé rẹ̀, kí igbó má baà jó. Gbogbo wọn pa á. Ọ̀fàfà náà pa tirẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ikọ́ gbé Àwẹ̀ró dè. Ara rẹ̀ tutù. Ọ̀fàfà fi ewé bò ó, kò móoru. Ó fi ara rẹ̀ bò ó, kò móoru.

"Iná," ni Àwẹ̀ró wí.

Ọ̀fàfà sáré lọ bá Erin. Nígbà tí Erin gbọ́, ó ní, "Dáná fún un. Èmi fúnra mi yóò dúró tì í, kó má baà ràn mọ́ igbó. Ṣùgbọ́n níbo lo ti fẹ́ rí iná? Kò sí ẹ̀yín kan mọ́ nínú gbogbo igbó."

"Mo mọ ibi tó wà," ni Ọ̀fàfà wí.

Ó dúró nídìí igi, ó kọ́kọ́ ké sí àwọn ìràwọ̀, bí Àgùàlà ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Nígbà náà ló gun igi.

Ìràwọ̀ kékeré kan ló bá lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó mi ń kú lọ. Ẹ fún mi níná."

"Wọn kì í fọnná níbí. Ilé kejì ni."

Ó dé ilé kejì. Ẹni ibẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí iná, ó ń yáná. "Èmi kọ́ ló ni àṣẹ. Ó di ọ̀dọ̀ olórí wa."

Àgùàlà ń ṣe ara rẹ̀ lóge. Kò tilẹ̀ yíjú padà. "Ta ni ìwọ?"

"Ọ̀fàfà ni. Ọkọ Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró wo?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, Àwẹ̀ró wo.

Ọ̀fàfà gbé e mì. Ẹni tó ń wá iná kì í jà. "Iná díẹ̀ ni mo wá fọn, ẹ jọ̀wọ́."

"Àpáàdì rẹ dà?"

"Àpáàdì wa wà lọ́dọ̀ yín. Ó wà lábẹ́ iná yín yẹn."

"Ọwọ́ lásán kì í gbé iná. Àṣà yín ni, kì í ṣe tiwa. Lọ mú àpáàdì wá."

Ọ̀fàfà sáré sọ̀kalẹ̀. Kò sí àpáàdì nílé. Ìkòkò kan ṣoṣo tó kù fún wọn ṣì dára, kò sán níbì kankan. Ó gbé e, ó fọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò igi. Ó mú èyí tó tóbi nínú rẹ̀, ó fi eyín gbé e, ó tún gun àràbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Nígbà tó dé òkè, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn àgbàlá.

Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́," ni ẹnìkan wí láti inú. "A ń lọ sùn. Padà wá lálẹ́ ọ̀la."

Ó gbọ́ bí iná ṣe ń ta pàrà nínú ilé. Ó gbọ́ ọ dáadáa.

Ó padà délé. Àwẹ̀ró la ojú. "Ṣé wọ́n fún ọ?"

Ọ̀fàfà kò purọ́ fún un rí. Ó jókòó tì í, ó mú ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ń bọ̀," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹni téèyàn bá fún níná, kò ní gbàgbé."

Kí oòrùn tó yọ, ó ti kú.

Wọ́n sin ín sí ìdí àràbà. Àwọn ẹranko wá kí i. Wọ́n ní, "Ẹ kú àfẹ́kù." Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Ọ̀fàfà dá wọn lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Bó ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ń ga. Nígbà tó fi máa dé ṣóńṣó, gbogbo igbó ti jí.

"Àwẹ̀ró fún yín níná! Ẹ kò fún un! Mo ní ẹ ń bọ̀! Ẹ wá!"

Bó ṣe ṣe lọ́jọ́ kìíní nìyẹn, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ó di ọjọ́ kẹwàá, Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ orí.

"Ọkọ Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ sùn. Ẹni tó lọ ti lọ. Ariwo ò lè jí òkú."

"Èmi kò ní kó jí òkú," ni Ọ̀fàfà dáhùn. "Àwọn tó wà láàyè tí wọ́n ń sùn ni mo ń jí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fa orí wọlé.

Ariwo náà kò jẹ́ kí àwọn ìràwọ̀ gbádùn. Wọn kò ronú pé kí àwọn gbé iná sọ̀kalẹ̀. Wọn kò ronú pé kí àwọn bẹ̀bẹ̀. Àgùàlà ní, "Ẹ jẹ́ ká sún sókè." Wọ́n sì gbé àgbàlá wọn, wọ́n sún un sókè, wọ́n tún sún un, títí ṣóńṣó àràbà kò fi kàn án mọ́. Ọ̀fàfà dé òkè igi lálẹ́ ọjọ́ kan, òfuurufú lásán ló bá. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ké. Ohùn kò nílò àkàbà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Òṣùpá kò sí nílé. Òun ni ìyá àgbà gbogbo ará ọ̀run, ó sì ti lọ sí oko rẹ̀ bó ṣe máa ń lọ lóṣooṣù. Oko náà ló wà nígbà tí òjò pa iná àwọn ìràwọ̀. Nígbà tó dé, ó dúró, ó tẹ́tí.

"Ta ló ń ké báyìí?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Ìyá," ni Àgùàlà wí. "Ẹranko kékeré kan ni. Ọ̀fàfà fohùn ṣakin."

"Láti oko ni mo ti ń gbọ́ ọ. Akin tí ohùn rẹ̀ dé oko mi, mo fẹ́ rí i."

Ó na ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sórí àràbà. Ọ̀fàfà pọn Àrìnpé ọmọ rẹ̀, ó gba ojú ìmọ́lẹ̀ náà gòkè. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ òjò títí dé ọjọ́ ọyẹ́. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Àgùàlà wí. "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbímọ́ ni ìmọ́lẹ̀ wa. Kí ni àwa yóò máa fọnná lọ́wọ́ ẹran inú ihò igi fún?"

Ọ̀fàfà yí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ sí Òṣùpá. Irun funfun náà wà níbẹ̀, ó rí gbọọrọ, apá kan rẹ̀ ya bí ìgbà tí ìkòkò bá fọ́. "Ìyá, iná tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wá síbí ló ṣe èyí. Ẹ ní kí wọ́n wa ìdí iná wọn."

Òṣùpá wo àwọn ìràwọ̀. "Ẹ wà á."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú Òṣùpá le, ìràwọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà mú igi, ó wa eérú sí apá kan. Àpáàdì kan hàn. Ó ti dúdú. Ó ní ilà mẹ́ta létí. Òṣùpá gbé e, ó fi í wé irun funfun ẹ̀yìn Àrìnpé. Wọ́n bá ara wọn mu, dé orí ibi tó ya.



Lẹ́yìn náà ni Àgùàlà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àṣìṣe ni. Ẹ kú àfẹ́kù. A ó fún yín níná tí yóò kún inú ilé yín fọ́fọ́, lọ́tùn-ún lósì."

"Ta ni kó wá yá iná náà?" ni Ọ̀fàfà bi í.

Àgùàlà wolẹ̀.

"Ta ni kó yá iná náà?" Ohùn rẹ̀ mi ilé àwọn ìràwọ̀. "Nígbà tí mo ní kí ẹ fún mi ní ẹyọ kan, àpáàdì lẹ bi mí. Mo fọ́ ìkòkò ilé mi nítorí yín. Ẹ ní ẹ ń lọ sùn! Ìyàwó mi bi mí bóyá ẹ fún mi. Mo ní ẹ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. N kò fẹ́ iná yín kún ilé mi. N kò fẹ́ kí ẹ kí mi. Ẹ kò ní sọ mí di òpùrọ́ lójú rẹ̀. Mo ti sọ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ wá!"

Òṣùpá yíjú sí Ọ̀fàfà.

"Wọ́n á wá," ló wí fún un, ó sì kọjú sí àwọn ìràwọ̀. "Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí òru tí Àwẹ̀ró kú bá pé, kí ẹ bu ẹ̀yín iná, kí ẹ gbé e lọ sí ààrò rẹ̀. Ẹ ó máa lọ títí ẹyọ kan yóò fi dé ibẹ̀ láàyè."

"Ìyá," ni Àgùàlà wí, "ọ̀nà jìn."

"Ta ló sún un jìn?"

Àgùàlà fà sẹ́yìn.

"Ìwọ ní tìrẹ," ni Òṣùpá sọ fún un, "n kò fọkàn tán ọ mọ́. Ibi tí mo bá wà ni kí o wà, kí n lè máa rí ọ."

Ọ̀fàfà gba àpáàdì ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ọdún pé, ó tún òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò. Kò dáná sí i. Ó gbé àpáàdì náà sí àárín wọn. Òun àti Àrìnpé jókòó tì í nínú ọyẹ́. Nígbà tó yá, Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra sọ̀kalẹ̀. Ó kó igi gbígbẹ díẹ̀ dání, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò láìsọ nǹkan kan. Ó jókòó.

Òun ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ọ̀kan!"

Ìràwọ̀ kan ti já. Ó ń sáré bọ̀, iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún já láti apá kejì. Gbogbo igbó jáde síta, Erin pàápàá gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Kí iná tó dé orí àràbà, ó ti kú. Eérú ló dé ilẹ̀.

"Ó kú," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"Òmíràn ń bọ̀," ni Àrìnpé wí.

Ó bọ̀ lóòótọ́. Òun náà kú.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìràwọ̀ ti ń já lásìkò ọyẹ́, lọ́dọọdún, tí òru náà bá ti pé. Bí ẹ bá jókòó síta níbi tó ṣókùnkùn, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ti ń sáré. Kò sí èyí tó tíì gbé iná rẹ̀ délẹ̀ láàyè. Àgùàlà kì í bá wọn já. Ẹ̀yìn Òṣùpá ló ń tọ̀ káàkiri bí ajá, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní ajá òṣùpá. Irun funfun kò kúrò lẹ́yìn àwọn ọmọ Ọ̀fàfà, ìran wọn kò sì dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ó gbọ́ ohùn kan láti ìdí igi, tí ń gòkè, tí ń le sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó dákẹ́.

Òru kan ṣoṣo ni Ọ̀fàfà kì í ké láàárín ọdún. Òru yẹn, ó máa ń jókòó ti ààrò tó tutù, yóò gbé ojú sókè. Bí èyí àkọ́kọ́ bá ti já, yóò na ọwọ́ sí ilẹ̀ ibi tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí. Yóò rẹ ohùn ńlá yẹn sílẹ̀, títí kò fi sí ẹlòmíràn tó lè gbọ́ ọ.

"Àwẹ̀ró," ni yóò wí, "wọ́n ń bọ̀."